Ọ̀fìnkìn Ẹyẹ Lára Àwọn Ẹyẹ Omi: Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé ní Etí Òkun Àgbádárìgì



Ẹni tí ó bá ń gbé ní etí òkun Àgbádárìgì, láti Àjídò títí dé Ṣẹ̀mẹ̀, mọ̀ pé omi ni ó yí wa ká. Òkun ńlá wà ní iwájú, ọ̀sà wà ní ẹ̀yìn, àwọn ẹyẹ sì wà lórí méjèèjì. Lékeléke ń bá màlúù rìn nínú pápá. Àwọn ẹyẹ òkun funfun ń fò káàkiri lókè ọkọ̀ àwọn apẹja ní Gbẹ́rẹ̀fù. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, àwọn ẹyẹ àlejò láti ilẹ̀ Yúróòpù a tún wá bá wa gbé fún oṣù mélòó kan. Nínú ọgbà ilé wa, adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ̀ láìsí ẹni tí ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ní òwúrọ̀, pẹ́pẹ́yẹ a sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, a wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀ níbi tí àwọn ẹyẹ igbó ti jẹun lóru. Ní ìrọ̀lẹ́, a padà wá sùn lẹ́bàá ilé ìdáná.

Ìrìn kúkúrú yìí, láti ilé ìdáná dé etí ọ̀sà àti láti etí ọ̀sà padà sí ilé ìdáná, ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí. Ọ̀nà náà ni àrùn kan lè gbà wọ ilé, a kò sì ní rí i nígbà tí ó bá ń wọlé.

Kí ni ọ̀fìnkìn ẹyẹ?

Kòkòrò àìfojúrí kan ni ó ń fa àrùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlù. Ó jẹ́ ìbátan kòkòrò tí ń fún ènìyàn ní ọ̀fìnkìn líle. Àwọn onímọ̀ fi lẹ́tà H àti N pín in sí oríṣiríṣi, àwọn ẹyẹ omi igbó sì ni ilé rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn oríṣi náà kì í ṣe ẹyẹ tí ń gbé wọn ní ibi kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú H5 tàbí H7 bá bọ́ sáàárín adìyẹ púpọ̀ tí a kó pọ̀ sí ojú kan, ó lè yí ìwà padà, kí ó di apànìyàn àti apẹyẹ. Èyí tí a ń pè ní H5N1 ni ó ti dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti kọ́kọ́ rí baba ńlá rẹ̀ lára gúùsì, ìbátan pẹ́pẹ́yẹ tí ọrùn rẹ̀ gùn, ní ọdún 1996. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó mú ènìyàn 18 ní Hong Kong, mẹ́fà nínú wọn sì kú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a là yékéyéké, nítorí ó ń da ọ̀pọ̀ ìyá láàmú. Àwọn ìyá wa àgbà mọ lùkúlùkú, àrùn tí í máa pa adìyẹ ní àkókò ọyẹ́. Àwọn kan sì ń fi orúkọ yìí pe ọ̀fìnkìn ẹyẹ pẹ̀lú. Kòkòrò méjèèjì yàtọ̀ síra. Lùkúlùkú àtijọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tirẹ̀, ó sì dára kí a gba abẹ́rẹ́ náà fún adìyẹ wa, ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ọ̀fìnkìn ẹyẹ. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ibi tí a ti ń mọ̀ ọ́n ni yàrá àyẹ̀wò, pàápàá ní ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Lùkúlùkú lásán ni, a ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́."

Àrùn kan náà, ara kò dọ́gba

Ẹ wo bí ibà ṣe ń ṣe nínú ilé. Ẹ̀fọn kan náà ń jẹ baba, ìyá àti ọmọ. Baba tí ó ti ń gba ibà sára láti kékeré lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó sì máa lọ sí oko, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì tí ó bá ní i lè gbọ̀n kí gìrì sì mú un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ omi rí.

Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Wọ́n fi H5N1 sí ara oríṣi pẹ́pẹ́yẹ igbó mẹ́fà, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Pẹ́pẹ́yẹ kan tí ń rì sínú omi láti wá oúnjẹ, tí ìyẹ́ rẹ̀ yọ sókè lórí bí ògbe, ṣàìsàn púpọ̀, àwọn kan nínú wọn sì kú. Ìbátan rẹ̀ tí òun náà ń rì sínú omi ṣàìsàn díẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn tí ó kù kò ṣàìsàn, kòkòrò tí ó jáde lára wọn sì kéré. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pẹ́pẹ́yẹ olórí àwọ̀ ewé, baba ńlá ọ̀pọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ilé ní Yúróòpù. Òun kò ṣàìsàn rárá. Ó ń jẹun, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń fọ́n ìyẹ́ rẹ̀ nù, síbẹ̀ kòkòrò tí ń jáde láti ọ̀fun rẹ̀ pọ̀ bí èyí tí ń jáde lára àwọn tí ó ṣàìsàn.

A fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwa a máa wo ẹran láti mọ̀ bóyá ó dára. A ń wo ojú rẹ̀, a ń wo ìyẹ́ rẹ̀, a ń wo bí ó ṣe ń rìn. Ọgbọ́n àtijọ́ tí ó dára ni, ó sì wúlò fún adìyẹ, nítorí adìyẹ tí ó bá ní H5N1 kì í pẹ́ kí ó tó kú. Ó lè pa gbogbo agbo láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n fún pẹ́pẹ́yẹ, ọgbọ́n yìí kò tó. Ara líle kò fi hàn pé ẹyẹ náà mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2008 kan náà sọ nípa àwọn ẹyẹ omi tí a yẹ̀ wò ní Nàìjíríà wa níhìn-ín. Wọ́n rí irú kan tí ó burú, èyí tí a ń pè ní H5N2, lára oríṣi ẹyẹ méjì tí ara wọn le. Ọ̀kan ni pẹ́pẹ́yẹ igbó olójú funfun tí ń súfèé bí ó ti ń fò, èyí tí a ń rí ní àwọn àbàtà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Èkejì ni ẹyẹ omi ńlá dúdú kan tí ó ní ẹ̀gún ní ìgunpá ìyẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ tí ó ní kòkòrò náà, ẹ̀rọ tí ń fi ibi tí ó wà ránṣẹ́ láti ojú ọ̀run. Ẹyẹ náà kò kú. Ó ń fò láti àbàtà kan dé òmíràn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Àwọn tí kò lè fara dà á

Àwọn ẹyẹ omi mìíràn wà tí H5N1 ń pa bí ẹni gé koríko. Ní ọdún 2005, ní adágún Qinghai ní ilẹ̀ Ṣáínà, ẹyẹ tí ó lé ní 6,000 ni ó kú, gúùsì igbó ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni àrùn náà tàn dé Yúróòpù àti Áfíríkà.

Èyí tí ó súnmọ́ wa jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, ní ọgbà ẹyẹ Djoudj ní ilẹ̀ Sẹ́nẹ́gà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà bá òkú ẹyẹ òfú tí ó tó 750 nílẹ̀. Òfú ni ẹyẹ funfun ńlá tí ó ní àpò lábẹ́ àgógó. Àyẹ̀wò fi hàn pé H5N1 ni ó pa wọ́n. Ìwà òfú ni ó ṣe é ní jàǹbá: ó ń pẹja pọ̀, ó ń sùn pọ̀, ó sì ń yé ẹyin pọ̀ lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ìtẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ẹni tí ó bá ti gbé inú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́jọ nígbà tí èéyi wọlé yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ní ọdún 2023, ó kan àwọn ẹyẹ òkun funfun tí ìrù wọn là sí méjì, àwọn tí í máa fi orí ju ara wọn sínú omi láti mú ẹja. Wọ́n kú púpọ̀ ní etí òkun Sẹ́nẹ́gà àti ti Gáḿbíà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Èyí tí ó tóbi nínú wọn, tí àgógó rẹ̀ pupa bí ọsàn tí ó pọ́n, ń yé ẹyin sí ìhà Sẹ́nẹ́gà àti Mọriténíà, lẹ́yìn náà a sì tàn kálẹ̀ sí etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹyẹ òkun tí ọmọ yín bá rí nínú yanrìn, tí kò lè fò, tí ó ń yí ọrùn tàbí tí ó ń rìn bí ọ̀mùtí, kì í ṣe ohun ìṣeré. Nígbà tí kòkòrò yìí bá wọ ọpọlọ ẹyẹ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan àrà kan tilẹ̀ wà tí a kò lè ṣàì mẹ́nu bà. Ní erékùṣù kan ní Skọ́tíláǹdì, lẹ́yìn tí àrùn yìí pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ òkun ńlá funfun tí ń gbé ibẹ̀ ní ọdún 2022, wọ́n rí àwọn kan tí ojú wọn, tí ó yẹ kí ó mọ́ bí omi aró fẹ́ẹ́rẹ́, ti di dúdú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn olójú dúdú náà ti ní àrùn yìí, wọ́n sì là á já.

Àwọn ẹyẹ mìíràn kì í gbé inú omi, ṣùgbọ́n ẹnu ni ó ń kó bá wọn. Igún ń jẹ òkú. Àṣá ń gbé èyí tí ara rẹ̀ kò yá, nítorí òun ni ó rọrùn láti mú. Ní ọdún 2006, a rí H5N1 lára igún ní Burkina Faso, a sì rí i lára àṣá kan ní Côte d'Ivoire. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ju òkú adìyẹ sí ààtàn tàbí sínú ọ̀sà. Ajá àti ológbò ilé pẹ̀lú wà nínú ewu, pàápàá ológbò: bí ó bá jẹ òkú ẹyẹ tí ó ní àrùn yìí, ó lè kú, ó sì lè gbé e wọlé wá bá ọmọ tí ń gbé e jókòó lórí ẹsẹ̀.

Kí wá ni ó fa ìyàtọ̀ láàárín ẹyẹ àti ẹyẹ? Ní ara púpọ̀ nínú pẹ́pẹ́yẹ igbó, inú ìfun àti ọ̀fun ni kòkòrò náà máa ń dúró sí, tí ó sì ń bá ìgbẹ́ jáde sínú omi. Lára òfú, gúùsì àti adìyẹ, ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Pẹ́pẹ́yẹ àgbà tí ó ti ní irú tí kò burú rí tún ní ààbò díẹ̀ lára, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kò ní i. Ní ti pẹ́pẹ́yẹ tí àwa ń sìn ní ilé, èyí tí ojú rẹ̀ pupa tí ó ní kókó lójú, H5N1 sábà máa ń ṣe é léṣe ju bí ó ti ń ṣe pẹ́pẹ́yẹ funfun ti òyìnbó lọ. Tòlótòló àti awó kì í lè fara dà á. Ẹyẹlé kì í sábà mú un.

Ṣé ẹyẹ igbó ni kí a dá lẹ́bi?

Ní oṣù Kejì ọdún 2006 ni a kéde H5N1 ní oko adìyẹ kan ní Jaji, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, ó dé Tógò. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó dé ilẹ̀ Benin, ní Kútọnu àti ní Ajárà tí ó wà lẹ́bàá Àjàṣẹ́ (kì í ṣe Ajárá ti Àgbádárìgì wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn kò jìn). Ó padà wá sí Nàìjíríà ní ọdún 2015, Èkó sì wà lára ibi tí ó kọ́kọ́ kàn. Láti ìgbà náà ó ti wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ kòkòrò ti ọdún 2006 wò rí i pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ìdílé kòkòrò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bá. Ẹyẹ àlejò lè ti gbé òmíràn nínú wọn wá. Ṣùgbọ́n ẹyẹ igbó kì í wọ mọ́tò láti Kàdúná wá sí Èkó. Àgò adìyẹ tí a kò fọ̀, òròmọdìyẹ tí a rà láìmọ orísun rẹ̀, páálí ẹyin àti bàtà oníṣòwò ni wọ́n ń bá àrùn náà rìn láti ọjà dé ọjà. Ní tiwa, a rò pé ọjà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣọ́, kí a tó nàka sí ojú ọ̀run. Ẹ má ṣe pa lékeléke, ẹ má sì ṣe tú ìtẹ́ àwọn ẹyẹ omi ká. Ẹni tí ó bá ń lé wọn ń tú wọn káàkiri ni, ẹni tí ó bá sì ń pa wọ́n ń fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan ọwọ́ wa

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, obìnrin ẹni ọdún 22 kan kú ní Èkó. Àyẹ̀wò fi hàn pé H5N1 ni ó pa á. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn yìí pa ní Nàìjíríà. Ohun tí ó ṣe kì í ṣe ohun àjèjì: ó tu ìyẹ́ adìyẹ tí ó ti ń ṣàìsàn, ó sì fọ inú rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí?

A mọ ohun tí ó fà á. Adìyẹ tí ó ń ṣe bí ẹni tí yóò kú jẹ́ owó, ó sì jẹ́ ẹran ọbẹ̀. Bí ìyá bá rí i tí ó ń tòògbé, a sáré dúńbú rẹ̀ kí ó tó di òkú, a sì se é fún àwọn ọmọ, tàbí kí a tà á ní ẹ̀dínwó ní ọjà Agbálátà. A kò ní purọ́ fún yín pé kò sí àdánù nínú kí a sin ín sínú ilẹ̀. Ní ọdún 2006, nígbà tí ìjọba ń pa adìyẹ nínú àwọn oko tí àrùn kàn, náírà 250 ni a san lórí adìyẹ kan. Ó kéré sí iye tí ọ̀pọ̀ olóko lè tà á, ó sì mú kí àwọn kan fi ẹyẹ wọn pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi iye adìyẹ kan wé ìyá ilé. Kì í ṣe ìgbà tí a bá ń jẹ ẹran jíjinná ni ewu wà jù. Ìgbà tí a bá ń dúńbú, tí a ń tu ìyẹ́, tí a ń fọ ìfun, tí ẹ̀jẹ̀ ń ta sí wa lójú, nígbà náà ni. Iná tí ó jẹ́ kí ẹran jinná dé inú egungun ń pa kòkòrò yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹyin tí a sè títí pupa inú rẹ̀ fi le. Ọwọ́ tí ó sè é ni kò sí nínú ìkòkò.

Nítorí náà, ẹyẹ tí ó ń ṣàìsàn tàbí tí ó kú fúnra rẹ̀, ti ilé tàbí ti igbó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúńbú rẹ̀, kí ó má sì tà á. Bí ẹyẹ púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó sin wọ́n, nítorí ó lè fẹ́ gba nǹkan lára wọn lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá pọn dandan pé kí ẹ gbé e, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ fi aṣọ di imú àti ẹnu, ẹ wa kòtò jíjìn tí ajá kò lè hú, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ dé ìgunpá. Ọṣẹ lásán tí a fi ń fọṣọ tó. Ó ń pa kòkòrò náà. Ẹ sá aṣọ tí ẹ lò sínú oòrùn líle.

Pẹ́pẹ́yẹ wa ńkọ́, tí ó mọ ọ̀nà etí ọ̀sà ju àwa gan-an lọ? Ó ṣòro láti sọ pé kí ẹ tì í mọ́lé ní gbogbo ọdún. Ṣùgbọ́n ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí àwọn ẹyẹ àlejò bá wà lórí omi, tàbí nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ẹyẹ ń kú ní etí òkun, ẹ fi ọ̀pá àti àwọ̀n sé wọn mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ẹ fún wọn ní omi kànga nínú agbada, ẹ sì ya adìyẹ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹyẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, ẹ fi í sí ibi ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọdé ni ó sábà máa ń kó adìyẹ wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ́ wọn láti fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fi kan àwo oúnjẹ. Àwọn ọdẹ tí ń ta pẹ́pẹ́yẹ igbó ní ẹ̀bá ọ̀nà, bí ẹ bá ti ń rà lọ́wọ́ wọn, ẹ rántí èyí tí ó ń fò káàkiri pẹ̀lú ẹ̀rọ lára.

Nígbà tí ó bá mú ènìyàn

Kì í rọrùn fún H5N1 láti mú ènìyàn, kì í sì í sábà kọjá láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ni, ó lè le púpọ̀. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́wàá lẹ́yìn tí a fọwọ́ kan ẹyẹ náà, ara lè gbóná gan-an, ikọ́ lè bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun lè máa dùn, ojú lè pọ́n, iṣan ara lè máa ro ni, mímí lè wá ṣòro. Àwọn àmì wọ̀nyí jọ ibà àti ọ̀fìnkìn lásán, ìdí nìyí tí ó fi ń tan ilé jẹ. Oògùn kan wà tí ó ń ran ni lọ́wọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe dúró nídìí àgbo títí ọjọ́ yóò fi kọjá.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín. Nọ́ọ̀sì yóò bi yín nípa ibà, yóò sì bi yín ní oúnjẹ tí ẹ jẹ. Ó lè má bi yín nípa ẹyẹ. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún un pé pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta kú nínú ilé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, tàbí pé ọmọ yín gbé ẹyẹ òkun kan wá láti inú yanrìn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.